Du Bois, ọkùnrin tó fi kíkọ ìtàn jà fún aláwọ̀ dúdú



Gbogbo òbí tó bá ní ọmọ ní lycée ló mọ̀ pé ìdánwò ìtàn kì í ṣe ohun tí wọ́n ń fi ẹnu lásán dáhùn. Bí bac bá dé, wọ́n á gbé ìwé àtijọ́ kan síwájú ọmọ, wọ́n á ní kó ṣàlàyé rẹ̀, tàbí kó kọ dissertation. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ń ráhùn lórí rẹ̀. Wọ́n á ní àwọn mọ ìtàn náà dáadáa, kíkọ rẹ̀ ló ń yọ àwọn lẹ́nu. Àwọn òbí mìíràn náà á máa bi ara wọn léèrè pé kí ni wọ́n ń fi kíkọ ṣe tó bẹ́ẹ̀, ṣebí àwọn bàbá wa kò kọ ìtàn sílẹ̀, síbẹ̀ wọ́n mọ̀ ọ́n.

Ọkùnrin tí a fẹ́ sọ ìtàn ayé rẹ̀ lónìí bá irú ìṣòro yìí pàdé ní yunifásítì. Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ níbẹ̀, wọ́n dá a padà fún un pẹ̀lú máàkì ẹni tó kùnà. Kò bínú kúrò nílé ẹ̀kọ́. Ó jókòó, ó kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé. Nígbà tó fi máa kú, kò sí aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà tó fi kálàmù ṣe iṣẹ́ tó pọ̀ tó tirẹ̀ lórí ìtàn wa. Itòsí wa níbí náà ló sì kú sí, ní Accra.

Ọmọ tí ìyá rẹ̀ tọ́

William Edward Burghardt Du Bois ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 23 oṣù kejì ọdún 1868, ní ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ Great Barrington, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, lápá àríwá ìlà-oòrùn Amẹ́ríkà. Ọdún mẹ́ta péré ni ogun abẹ́lé tó fòpin sí oko ẹrú níbẹ̀ ṣì parí. Àwa tí a gbọ́ Faransé á fẹ́ pe orúkọ rẹ̀ bí àwọn Faransé ṣe ń pe igi, àmọ́ òun fúnra rẹ̀ kì í pè é bẹ́ẹ̀. Du-Bọ́ìsì ló ń pè é. Ẹ má sì rò pé orúkọ náà ṣèèṣì ni: ará Faransé wà lára àwọn baba ńlá bàbá rẹ̀, ilẹ̀ Haiti ni wọ́n sì ti bí Alfred, bàbá rẹ̀.

Alfred fi ilé sílẹ̀ nígbà tí ọmọ ṣì kéré púpọ̀. Mary Silvina, ìyá rẹ̀, ló tọ́ ọ. Iṣẹ́ ilé ló ń bá àwọn ẹlòmíràn ṣe, nígbà tó sì yá, àìsàn mú un ní apá kan, tí kò lè fi ẹsẹ̀ rẹ̀ rìn dáadáa mọ́. Nínú ìdílé ìyá yìí, ìrántí Áfíríkà kò tíì parẹ́ tán. Ọkùnrin tó bẹ̀rẹ̀ ìdílé náà, Tom, Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n ti kó o lẹ́rú lọ. Orin kan wà tí àwọn àgbà ilé ń kọ fún àwọn ọmọ, ní èdè Áfíríkà tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò gbọ́ mọ́. Du Bois gbọ́ orin náà ní kékeré, kò sì gbàgbé rẹ̀ títí ó fi darúgbó.

Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ rí i pé orí ọmọ náà pé. Ó ní kó kọ́ èdè Látìn àti èdè Gíríìkì, kí ọ̀nà yunifásítì lè ṣí fún un. Kékeré ló sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 15, ó ti ń kọ ìròyìn ìlú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn àwọn aláwọ̀ dúdú kan ní New York. Ní 1884 ó jáde nílé ẹ̀kọ́. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ìyá rẹ̀ kú. Ọmọ ọdún 17 ni, kò ní bàbá, kò ní ìyá, kò ní owó.

Harvard ló wù ú. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ ràn án lọ́wọ́, àwọn ọmọ ìjọ ṣọ́ọ̀ṣì mẹ́rin tó dáwó jọ, Fisk ni wọ́n rán an lọ, ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní ìlú Nashville, ní gúúsù. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ gbé láàrin àwọn èèyàn rẹ̀ tó pọ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà ìsinmi, ó lọ ń kọ́ àwọn ọmọ àgbẹ̀ ní abúlé. Ahéré onígi tí wọ́n ń kó àgbàdo sí tẹ́lẹ̀ ni ilé ẹ̀kọ́ náà. Àga tí tíṣà ń jókòó lé, ọwọ́ ìyá onílé ló ti yá a, alaalẹ́ ló sì gbọ́dọ̀ dá a padà. Àwọn tíṣà wa tó ti kọ́ ọmọ lábẹ́ àtíbàbà mọ ohun tí à ń sọ.

Ìwé àkọ́kọ́ tó kọ ní Harvard

Ní 1888, Du Bois gba ìwé ẹ̀rí ní Fisk, lẹ́yìn náà Harvard gbà á wọlé. Àmọ́ wọn kò ka ìwé ẹ̀rí Fisk sí ohun tó tó. Wọ́n ní kó padà sí ọdún kẹta, bí ẹni pé kò tíì parí ẹ̀kọ́ níbì kankan. Ó gbà bẹ́ẹ̀. Ó wá yàrá sílé obìnrin aláwọ̀ dúdú kan nítòsí, ó ń gbé níbẹ̀, ó sì ń lọ sí kíláàsì.

Ọ̀ranyàn ni ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé jẹ́ fún gbogbo ẹni tó bá wọ Harvard. Du Bois mú kálàmù, inú ń bí i. Aṣòfin kan láti gúúsù ti sọ ọ̀rọ̀ àbùkù sí àwọn aláwọ̀ dúdú, Du Bois sì fẹ́ fi ìwé yìí dá a lóhùn. Gbogbo ìbínú ọkàn rẹ̀ ló tú síbẹ̀. Òun mọ̀ pé òtítọ́ lòun ń sọ, kò wá bìkítà nípa bí gbólóhùn ṣe tò tàbí bí ọ̀rọ̀ ṣe jókòó. Nígbà tí ìwé náà padà dé, E ni wọ́n fún un. Ẹni tó ń gba E kò ní moyenne rárá.

Ẹ fojú inú wò ó. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ti gba ìwé ẹ̀rí kan tẹ́lẹ̀, tó ti ṣe olóòtú ìwé ìròyìn ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Fisk, tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú láàrin àwọn ọmọ olówó òyìnbó. Ó rọrùn fún un láti sọ pé torí àwọ̀ òun ni. Ìyẹn kọ́ ló sọ. Ó ronú sí i, ó rí i pé àwọn tó yẹ̀ ẹ́ wò kò jẹ̀bi. Ó wá mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tó bá ní òtítọ́ nínú, bí wọ́n bá kọ ọ́ kátikàti, àwọn tó yẹ kó gbọ́ ọ kò ní gbọ́. Bí òtítọ́ bá sì wà nínú ìwé tó tò, tó dán, ọ̀tá pàápàá á kà á dé òpin. Ó tẹra mọ́ iṣẹ́, máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Kò dúró síbẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan kíláàsì kan tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ti ọ̀jọ̀gbọ́n Barrett Wendell. Ojoojúmọ́ ni àwọn ọmọ kíláàsì yẹn ń kọ ìwé kékeré kan wá, lórí ohun tí ojú wọn rí tàbí ohun tí wọ́n rò. Wendell á kà á, á fa ìlà sí ibi tí kò dára, á dá a padà. Láàrin àádọ́ta ìwé tí wọ́n kọ nígbà kan, ti Du Bois ni Wendell mú láti kà sí etígbọ̀ọ́ gbogbo kíláàsì. Ọmọ tó gba E lánàá ni o.

Tábìlì tí wọ́n ti ń kọ ìtàn

Nígbà yẹn, ọ̀nà tuntun ni wọ́n ń gbà kọ́ ìtàn ní àwọn yunifásítì ńlá Amẹ́ríkà. Tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé kan, á há a sórí, á wá kà á jáde níwájú olùkọ́, bí ìgbà tí ọmọ ń ka kátíkísì. Àwọn ará Jámánì ló kọ́kọ́ yí i padà, pàápàá Leopold von Ranke ní Berlin. Ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ díẹ̀ jọ, ó gbé àwọn ìwé àtijọ́ gan-an síwájú wọn, ó ní kí wọ́n wádìí fúnra wọn. Séminaire ni wọ́n ń pe irú kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Olùkọ́ á fún akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á lọ sí ibi ìkàwé, á wá ìwé òfin ìgbà náà, lẹ́tà, ìṣirò owó, ìwé ìròyìn, ìròyìn ilé aṣòfin. Ohun tó bá rí, á kọ ọ́ sórí káàdì, á kọ ibi tó ti rí i sí i. Lẹ́yìn náà á jókòó kọ ìwé, á mú un wá síbi tábìlì, á kà á. Àwọn yòókù á wá bẹ̀rẹ̀ sí í da ìbéèrè bò ó. Níbo lo ti rí èyí? Ta ló kọ ọ́? Kí ló jẹ́ kí ẹni náà sọ bẹ́ẹ̀? Àwọn àgbà wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí ìdájọ́ ààfin ṣe rí ni séminaire ìtàn náà rí: kò sí ẹni tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ rẹ̀ gbọ́ láìsí ẹlẹ́rìí, kò sì sí ẹlẹ́rìí tí wọn kì í bi ní ìbéèrè.

Albert Bushnell Hart ni ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń ṣe irú kíláàsì yìí ní Harvard, Jámánì lòun náà ti kọ́ ọ. Lọ́dọ̀ rẹ̀ ni Du Bois ti mú ìbéèrè kan tó wá di iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún fún un. Ìjọba Amẹ́ríkà ṣòfin pé láti ọdún 1808 lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kó ẹrú láti òkè òkun wọ ilẹ̀ náà mọ́. Báwo ni wọ́n ṣe pa òfin yẹn mọ́? Ó yẹ ìwé òfin wò, ti gbogbo ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba àpapọ̀, ọ̀kan tẹ̀ lé ìkejì. Ní oṣù kejìlá ọdún 1891, nígbà tó jẹ́ ọmọ ọdún 23, ó ka ìwé tó kọ lórí rẹ̀ níwájú ẹgbẹ́ àwọn òǹpìtàn Amẹ́ríkà ní ìlú Washington.

Ó wù ú kó lọ síbi orísun ẹ̀kọ́ náà gan-an, ní Berlin. Owó kan wà tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú, Rutherford Hayes tó ti ṣe ààrẹ Amẹ́ríkà rí ló sì ń bójú tó o. Ìwé ìròyìn gbé e pé Hayes sọ pé àwọn kò tíì rí aláwọ̀ dúdú tó yẹ kí àwọn fi owó náà rán lọ sí Yúróòpù. Du Bois kọ lẹ́tà sí i. Wọ́n dá a lóhùn pé kò sí owó. Ó tún kọ. Ó ní kí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n rẹ̀ náà kọ̀wé. Kò fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀ títí wọ́n fi fún un lówó, ìdajì ẹ̀bùn, ìdajì gbèsè. Ó lọ sí Berlin ní 1892, ó lo ọdún méjì. Ṣùgbọ́n kó tó lè gba oyè dókítà níbẹ̀, àwọn olówó ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó padà wálé lọ́wọ́ òfo, ó gba iṣẹ́ tíṣà ní Wilberforce, ní ìpínlẹ̀ Ohio, níbi tó ti fẹ́ Nina Gomer tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀.

Ìwé tó bẹ̀rẹ̀ ní kíláàsì Hart ló wá gbà á. Ó parí rẹ̀, Harvard sì fún un ní oyè dókítà ní 1895. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gba oyè náà níbẹ̀. Nígbà tí Harvard bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé ìtàn àwọn ọmọ rẹ̀ jáde ní ìtòtẹ̀lé, ti Du Bois ni wọ́n fi ṣe ìwé kìn-ín-ní, ní 1896.

Òfin tí kò dá òwò ẹrú dúró

Kí ni ìwé náà sọ? Ó sọ pé òfin wà, ṣùgbọ́n ìfẹ́ láti pa á mọ́ kò sí. Owó òwú ń wọlé ní gúúsù Amẹ́ríkà, oko ń fẹ́ ọwọ́, àwọn aṣòfin sì ń di ojú. Ọkọ̀ ojú omi tó yẹ kó máa ṣọ́ etí òkun kéré. Adájọ́ ń tú àwọn oníṣòwò sílẹ̀. Du Bois kò fi ariwo sọ ọ́. Òfin lórí òfin, ọdún lórí ọdún, ó tò wọ́n kalẹ̀, pẹ̀lú ibi tó ti rí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tó lè ní irọ́ ló pa, torí ìwé ìjọba fúnra wọn ló fi mú wọn.

Àwa tí a wà níbí mọ ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí, torí èbúté Ouidah wà lára ibi tí wọ́n ti ń kó wọn lọ. Ní 1860, ọdún 52 lẹ́yìn tí òfin náà bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ Clotilda gbéra láti Ouidah pẹ̀lú bí 110 èèyàn nínú, ó sì kó wọn dé itòsí Mobile, ní ìpínlẹ̀ Alabama, lóru. Wọ́n dáná sun ọkọ̀ náà kí ìjọba má baà rí ẹ̀rí. Ọ̀kan nínú àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni Cudjo Lewis, tí orúkọ rẹ̀ gan-an ń jẹ́ Kossola, ọmọ Yorùbá ni, agbègbè Bantè ni wọ́n sì gbà pé ó ti wá. Ọ̀gágun Dànhọmẹ̀ ló kó ìlú wọn. Títí ó fi kú ní 1935 ló ń ṣàárò ilé. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó jẹ́ kí wọ́n lè kó Kossola lẹ́yìn tí òfin ti kà á léèwọ̀ fún àádọ́ta ọdún, kó ka ìwé Du Bois.

Atlanta, ọdún 1899

Ní 1896, yunifásítì Pennsylvania pe Du Bois kó wá wádìí ipò àwọn aláwọ̀ dúdú ní Philadelphia. Ilé dé ilé ló ń rìn, ó ń bèèrè, ó ń kọ. Ọdún tó tẹ̀ lé e, ó lọ sí yunifásítì Atlanta, ní ìpínlẹ̀ Georgia, ó di ọ̀jọ̀gbọ́n ìtàn àti ètò ọrọ̀ ajé. Ọdún 13 ló lò níbẹ̀. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ní tábìlì Hart àti ní Berlin ló gbé lọ fún àwọn ọmọ ẹrú àná. Ọdọọdún ni wọ́n ń mú ọ̀rọ̀ kan, ilé, iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì, ilé ẹ̀kọ́, wọ́n á wádìí rẹ̀, wọ́n á sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà ń bá a ṣe lára iṣẹ́ yìí. Nígbà tí wọ́n ṣe ìpàtẹ àgbáyé ní Paris ní 1900, Du Bois àti àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ fi ọwọ́ ya àwòrán ìṣirò aláràbarà nípa ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú Georgia, wọ́n tilẹ̀ kọ èdè Faransé sí àwọn kan nínú wọn. Wọ́n gbé àmì ẹ̀yẹ wúrà fún un níbẹ̀.

Lákòókò yẹn, ó gbà gbọ́ pé àìmọ̀ ni gbòǹgbò ìkórìíra. Bí èèyàn bá ti lè kọ òtítọ́ sílẹ̀ kedere, ayé á yí padà. Ọdún 1899 ló dán ìgbàgbọ́ yẹn wò.

Ní oṣù kẹrin, wọ́n fẹ̀sùn kan alágbàṣe oko kan tó ń jẹ́ Sam Hose pé ó pa ọ̀gá rẹ̀. Èrò ń wá a láti pa á láìsí ìdájọ́. Du Bois jókòó, ó kọ ìwé kan pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó to ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an lẹ́sẹẹsẹ, ó sì ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn kan nínú ìlú láti fi í jíṣẹ́. Lójú ọ̀nà ni wọ́n ti sọ fún un pé wọ́n ti sun Sam Hose níná, wọ́n sì ti kó eegun ìka ọwọ́ rẹ̀ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù kan lójú ọ̀nà tó ń lọ gan-an, kí gbogbo èèyàn máa wò ó. Ó yí padà sílé pẹ̀lú ìwé rẹ̀ lọ́wọ́. Oṣù tó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, Burghardt, tí kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, ní àìsàn ọ̀fun, ó sì kú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn kò fẹ́ sin ín sí ilẹ̀ Georgia. Great Barrington ni wọ́n gbé e lọ.

Látọjọ́ yẹn ló ti yé e pé ìwé ìwádìí nìkan kò tó. Kò sọ kálàmù nù o, ńṣe ló yí ọwọ́ rẹ̀ padà. Ní 1903 ó gbé ìwé kan jáde lórí ọkàn àti ìgbé ayé àwọn aláwọ̀ dúdú, ó da ìtàn, ìwádìí àti ẹkún ikú ọmọ rẹ̀ pọ̀ nínú rẹ̀. Ìwé yẹn ló sọ ọ́ di ẹni tí gbogbo Amẹ́ríkà mọ̀. Ní 1910 ó fi Atlanta sílẹ̀, ó lọ sí New York láti máa ṣe olóòtú ìwé ìròyìn Crisis fún ẹgbẹ́ NAACP tí òun àti àwọn mìíràn dá sílẹ̀. Nígbà tí ogun àgbáyé kìn-ín-ní parí, ẹ̀dà Crisis ti tó 100,000 lóṣù kan. Ní 1919 ó ṣe àpéjọ àwọn aláwọ̀ dúdú àgbáyé ní Paris, níbi tí Blaise Diagne, aṣojú Sẹ̀nẹ̀gàl ní ilé aṣòfin Faransé, ti jókòó sípò alága.

Nígbà tí yunifásítì kọ irọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ wa ti dùn tó sì ti korò nìyí. Séminaire tó kọ́ Du Bois lọ́gbọ́n, ohun kan náà ni wọ́n fi kọ irọ́ ní ibòmíràn.

Lẹ́yìn ogun abẹ́lé, láti 1865 sí 1877, àwọn aláwọ̀ dúdú gúúsù gba ẹ̀tọ́ ìdìbò, wọ́n dé ilé aṣòfin, wọ́n kópa nínú dídá ilé ẹ̀kọ́ ìjọba sílẹ̀. Àtúnkọ́ ni wọ́n ń pe ìgbà yẹn. Ní yunifásítì Columbia, ọ̀jọ̀gbọ́n William Dunning ní séminaire tirẹ̀. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pín ìpínlẹ̀ gúúsù mọ́ ara wọn lọ́wọ́, oníkálùkù sì kọ ìwé lórí ìgbà Àtúnkọ́ ní ìpínlẹ̀ tirẹ̀. Wọ́n lọ sínú ìwé àtijọ́ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹlẹ́rìí apá kan ni wọ́n gbọ́, ìyẹn àwọn tó ní ẹrú tẹ́lẹ̀. Wọn kò ka ẹ̀rí àwọn tó kúrò lóko ẹrú sí. Ohun tí wọ́n wá kọ ni pé òpè àti olè ni àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣèjọba, àṣìṣe sì ni ẹ̀tọ́ ìdìbò tí wọ́n fún wọn. Ìwé wọn ló bọ́ sínú ìwé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́, tí àwọn olóṣèlú sì ń gbára lé láti gba ìdìbò lọ́wọ́ aláwọ̀ dúdú.

Ní 1909, Du Bois dìde níwájú ẹgbẹ́ àwọn òǹpìtàn, Dunning wà nínú àpéjọ náà, ó sì ka ìwé tó sọ òdìkejì. Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ náà tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1910. Àmọ́ nígbà tó bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi lẹ́tà ńlá bẹ̀rẹ̀ orúkọ tí wọ́n ń pe àwọn èèyàn rẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àwọn ẹ̀yà yòókù, olóòtú kọ̀ jálẹ̀. Ní 1929, ìwé atúmọ̀ ìmọ̀ Britannica ní kó kọ̀wé fún àwọn lórí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́, wọ́n yọ ohun tó sọ nípa Àtúnkọ́ kúrò. Ó gba ìwé rẹ̀ padà.

Ó wá pinnu láti kọ ọ́ tán pátápátá. Ní 1934 ó fi New York sílẹ̀, ó padà sí Atlanta láti máa kọ́ni, ọmọ ọdún 66 ni. Ọdún tó tẹ̀ lé e, 1935, ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìgbà Àtúnkọ́ jáde, ó ju 700 ojú ìwé lọ. Nínú rẹ̀, ó sọ pé àwọn ẹrú kò jókòó kí ẹlòmíràn wá tú wọn sílẹ̀, àwọn fúnra wọn ló fi oko sílẹ̀, tí wọ́n fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún sá lọ bá àwọn ọmọ ogun àríwá, tí ọ̀nà sì fi dí mọ́ àwọn olóko lẹ́yìn. Apá ìgbẹ̀yìn ìwé náà kò fi àwọn òǹpìtàn lọ́rùn sílẹ̀. Ó ṣí ìwé ìtàn tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń kà, ó fi ohun tó wà níbẹ̀ hàn, ó sì tọ́ka sí àwọn yunifásítì tó ti wá.

Ìwé ìròyìn ẹgbẹ́ àwọn òǹpìtàn tó tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde ní 1910 kò tilẹ̀ dárúkọ ìwé yìí nígbà tó jáde. Wọ́n ṣe bí ẹni pé kò sí. Àmọ́ bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń bá a. Díẹ̀díẹ̀ ni àwọn òǹpìtàn kékeré bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní ipa ẹsẹ̀ Du Bois. Ní 1988, Eric Foner gbé ìwé tirẹ̀ jáde lórí Àtúnkọ́, òun ni ọ̀pọ̀ yunifásítì sì ń lò lónìí. Ọ̀nà tí Du Bois là ló tọ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní Columbia sì ni Foner nígbà náà, ilé ẹ̀kọ́ tí Dunning ti kọ́ni.

Accra

Ọjọ́ ogbó rẹ̀ kò rọrùn. Ní 1951, ìjọba Amẹ́ríkà gbé e lọ sílé ẹjọ́ pé aṣojú orílẹ̀-èdè mìíràn ni, nítorí ó ń polongo àlàáfíà nígbà tí Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà ń bá ara wọn ṣọ̀tá. Adájọ́ tú u sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n gba pásípọ́ọ̀tù rẹ̀. Nígbà tí Gáná gba òmìnira ní 1957, Nkrumah pè é, kò rí ọ̀nà wá. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n tó dá ìwé ìrìnnà rẹ̀ padà.

Ní 1961, nígbà tó di ẹni ọdún 93, ó kó ẹrù rẹ̀ wá sí Accra pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀ kejì, Shirley Graham, torí Nina ti kú ní 1950. Kò wá sinmi. Iṣẹ́ ló wá ṣe, ìwé atúmọ̀ ìmọ̀ ńlá kan lórí Áfíríkà, tí àwọn ọmọ Áfíríkà fúnra wọn máa kọ. Ó di ọmọ Gáná ní 1963. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún náà, ó kú ní ẹni ọdún 95. Ọjọ́ kejì ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn péjọ ní Washington láti bèèrè ẹ̀tọ́ wọn, níbi tí Martin Luther King ti sọ̀rọ̀, níbẹ̀ ni wọ́n sì ti kéde ikú rẹ̀ fún èrò. Ìwé ńlá tó wá kọ kò parí lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé tó gbé ní Accra ni ibojì rẹ̀ wà báyìí, ẹni tó bá ti Lomé wọ ọkọ̀ láàárọ̀ á débẹ̀ kó tó di ọ̀sán.

Ẹ̀yin òbí, bí ọmọ bá gbé ìwé ìtàn rẹ̀ wálé tí wọ́n ti fi íńkì pupa kọ gbogbo rẹ̀, ẹ má nà án, ẹ má sì sọ fún un pé kò sí nǹkan tó wà nínú kíkọ ìtàn. Ẹ bi í pé ibo ni wọ́n ti fa ìlà sí, kó jókòó tún un kọ. Bí bàbá àgbà bá sì wà nílé tó mọ bí Kétu ṣe fọ́ ní 1886 àti bí wọ́n ṣe tún un kọ́, ẹ ní kí ọmọ náà mú kálàmù lọ bá a, kó bèèrè, kó kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ fún un sí i àti ọjọ́ tó sọ ọ́, kó sì tún lọ bi bàbá àgbà ilé kejì. Bí Du Bois náà ṣe ń ṣe é ní Philadelphia nìyẹn, ilé dé ilé.